Taiwan: Ènìyàn Rẹ̀, Ọrọ̀ Ajé Rẹ̀ àti Ìròyìn Rẹ̀ (Ìbéèrè àti Ìdáhùn)

Bí orúkọ Taiwan bá jáde lórí rédíò wa, ọ̀rọ̀ ogun ló sábà máa ń tẹ̀lé e, tàbí ọ̀rọ̀ chip, ohun kékeré tó ń ṣe iṣẹ́ ọpọlọ nínú fóònù. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn nìkan lè gbàgbé pé ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 23 ló ń gbé ibẹ̀, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń tọ́jú òbí wọn, tí wọ́n sì ń bá ara wọn jiyàn òṣèlú lójoojúmọ́. Àwọn ìbéèrè tó wọ́pọ̀ jù nípa wọn ni mo kó jọ síbí. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ iye ènìyàn, ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ ìròyìn kò ṣe é yà sọ́tọ̀ ní Taiwan. Ìjọba kan náà tó sọ fún tọkọtaya pé ọmọ méjì ti tó ló sọ fún ìwé ìròyìn pé ojú ewé 12 ti tó, òun náà ló sì dá ilé iṣẹ́ tó sọ erékùṣù náà di olówó sílẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á lọ.

Níbo gan-an ni Taiwan wà?

Erékùṣù ni, ní ìlà oòrùn Éṣíà, láàárín Jàpáànì àti Philippines. Omi tó wà láàárín òun àti Ṣáínà fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 130 níbi tó ti há jù. Gbogbo ilẹ̀ náà kò ju nǹkan bí 36,000 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ, òkè ló sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Yushan tó ga jù lọ ga ní mítà 3,952. Nítorí òkè wọ̀nyí, ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀ oòrùn tó tẹ́jú ni àwọn ìlú ńláńlá tò sí láti àríwá dé gúúsù: Taipei tó jẹ́ olú ìlú, New Taipei tó yí i ká, Taoyuan, Hsinchu, Taichung, Tainan àti Kaohsiung. Láti 2007 ni ọkọ̀ ojú irin tó yára bí àṣá ti ń so wọ́n pọ̀, ẹni tó jẹun àárọ̀ ní Taipei lè wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Kaohsiung kí aago mẹ́wàá tó lù.

Ṣé orílẹ̀-èdè ni, àbí ara Ṣáínà ni?

Ẹni tí ẹ bá bi ló máa sọ irú èsì tí ẹ ó gbọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Jàpáànì ló ṣàkóso Taiwan láti 1895 títí di 1945. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ìjọba Republic of China tí ẹgbẹ́ òṣèlú Kuomintang ń darí gbà á. Nígbà tí àwọn Kọ́múníìsì lé ìjọba yẹn kúrò ní Ṣáínà lọ́dún 1949, Chiang Kai-shek kó sójà àti òṣìṣẹ́ rẹ̀ wá sí Taipei, ó ní òun ṣì ni ìjọba gbogbo Ṣáínà. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gba ìjókòó Ṣáínà lọ́wọ́ wọn ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1971, ó gbé e fún ìjọba Kọ́múníìsì ní Beijing. Amẹ́ríkà náà yí sí Beijing ní 1979.

Beijing kò tíì fi ọjọ́ kan ṣàkóso Taiwan rí láti ìgbà tí ìjọba Kọ́múníìsì ti dé, síbẹ̀ ó ń sọ pé tòun ni. Taiwan ní ààrẹ tirẹ̀, ọmọ ogun tirẹ̀, owó tirẹ̀ àti ìwé ìrìnnà tirẹ̀. Láti 1996 ni àwọn ará ìlú ti ń fi ìbò yan ààrẹ fúnra wọn, Lai Ching-te ló sì wà lórí àléfà láti oṣù Ẹ̀bìbì 2024. Orílẹ̀-èdè 12 péré ló kà á sí orílẹ̀-èdè báyìí, Eswatini nìkan ló sì kù nínú wọn ní Áfíríkà. Nàìjíríà ti bá Beijing dá àjọṣe sílẹ̀ láti 1971. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2017, ìjọba Nàìjíríà pàṣẹ pé kí Taiwan kó ọ́fíìsì ìṣòwò rẹ̀ kúrò ní Abuja lọ sí Èkó, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì kó o lọ.

Ta ni àwọn ará Taiwan?

Àwọn onílẹ̀ ni àwọn ẹ̀yà tó ti wà níbẹ̀ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ẹ̀yà 16 ni ìjọba fọwọ́ sí nínú wọn, Amis ló sì pọ̀ jù. Gbogbo wọn lápapọ̀ tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè gbà pé Taiwan ni orírun ìdílé èdè Austronesian, ìdílé èdè tó tàn dé Philippines, New Zealand àti Hawaii, tó sì dé Madagascar níbi tiwa ní Áfíríkà.

Àwọn Hoklo tí baba ńlá wọn wá láti Fujian ló pọ̀ jù lónìí, nǹkan bí ìdá 70 nínú 100. Ìgbà tí àwọn òyìnbó Netherlands fi gúúsù erékùṣù náà ṣe ibùdó òwò, láti 1624 sí 1662, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá. Àwọn Hakka náà wà. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó bá Chiang Kai-shek wá, wọ́n lé ní mílíọ̀nù kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn sójà tí kò padà rí ìyá rẹ̀ mọ́, nítorí pé 1987 ni ìjọba tó gbà kí ẹnikẹ́ni lọ kí ẹbí rẹ̀ ní Ṣáínà. Ogójì ọdún ó dín díẹ̀! Lóde òní, àwọn ìyàwó tó wá láti Vietnam, Ṣáínà àti Indonesia ti di ẹgbẹ́ tí olóṣèlú kankan kò lè fojú fò.

Èdè wo ni wọ́n ń sọ?

Mandarin ni èdè ìjọba àti ti ilé ẹ̀kọ́. Àwọn àgbà, pàápàá ní gúúsù, èdè Hoklo ni wọ́n fi ń tajà tí wọ́n sì fi ń bú ara wọn. Lábẹ́ Kuomintang, ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ máa ń san owó ìtanràn, tàbí kí wọ́n gbé páálí kọ́ ọ lọ́rùn kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ lè rí i. Àwa tí tíṣà ti nà nítorí pé a sọ Yorùbá nínú kíláàsì mọ bí ìyẹn ṣe ń dun ni tó. Òfin ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ọdún 1976 tún dín èdè ìbílẹ̀ kù lórí tẹlifíṣọ̀n, ó di 1993 kí wọ́n tó mú un kúrò.

Ohun tí wọ́n ti ṣe láti tún un ṣe wú mi lórí. Tẹlifíṣọ̀n Hakka bẹ̀rẹ̀ ní 2003, ti àwọn onílẹ̀ ní 2005, ti èdè Hoklo lábẹ́ ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n gbogboògbò ní 2019. Ọdún 2019 yìí kan náà ni òfin jáde pé gbogbo èdè àwọn ènìyàn Taiwan ni èdè orílẹ̀-èdè. Owó ìjọba ló ń gbé àwọn ìkànnì yìí dúró, nítorí pé ìpolówó ọjà nìkan kò lè bọ́ wọn. Ó wù mí kí àwọn tó ń ṣètò ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ nílé wa wò ó dáadáa.

Kí ló dé tí iye wọn fi ń dínkù?

Ọ̀rọ̀ tó ká mi lára jù nìyí. Ní àwọn ọdún 1950, obìnrin kan ní Taiwan sábà máa ń bí ọmọ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àwọn ọdún 1960, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò ìfètò-sọ́mọ-bíbí, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n sì ń pariwo pé ọmọ méjì ló tọ́ ló yẹ. Àwọn ènìyàn gbọ́, wọ́n gbọ́ ju bí ìjọba ṣe rò lọ. Láti àárín àwọn ọdún 1980 ni ìbímọ ti lọ sílẹ̀ ju iye tó lè rọ́pò àwọn òbí. Ní 2024, ọmọ tí wọ́n bí jẹ́ nǹkan bí 135,000, àwọn tó kú sì lé ní 200,000. Ọdún Dírágónì ni 2024, ọdún tí wọ́n gbà pé ọmọ tí a bá bí nínú rẹ̀ máa ń lóríire. Ní ọdún Dírágónì 1976, ọmọ tó lé ní 400,000 ni wọ́n bí. Bí a bá pín ọmọ kárí àwọn obìnrin báyìí, kò pé ọmọ kan fún ẹnì kan.

Ọdún 2020 ni òkú kọ́kọ́ ju ọmọ tuntun lọ. Ní 2025, ẹni márùn-ún márùn-ún tí ẹ bá kà, ọ̀kan nínú wọn ti ju ẹni ọdún 65 lọ.

Ìdí rẹ̀ kò ní àdììtú. Ilé ní Taipei wọ́n débi pé owó oṣù ọ̀dọ́ tọkọtaya kò lè dé ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ máa ń pẹ́ kí ó tó tán lálẹ́, ilé ẹ̀kọ́ àfikún tí ọmọ ń lọ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ gangan ń gba owó. Obìnrin tó bá fẹ́ ọkọ mọ̀ pé òun ló máa rù ẹrù ilé, ọmọ àti àna, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti pinnu pé àwọn kò rù ú. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, wọn kì í sábà bímọ láìṣègbéyàwó níbẹ̀, nítorí náà tí ìgbéyàwó bá falẹ̀, ọmọ náà á falẹ̀. Ìjọba ń fún òbí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní NT$5,000 lóṣù fún àkọ́bí, ó sì lé díẹ̀ fún àwọn tó tẹ̀lé e. Owó yẹn dára, ṣùgbọ́n kò tó owó ilé. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan, títí kan yunifásítì, ti ń kógbá sílé nítorí pé kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n máa kọ́.

Ta wá ń tọ́jú àwọn arúgbó?

Àwọn àjèjì ni. Àwọn òṣìṣẹ́ láti Indonesia, Vietnam, Philippines àti Thailand lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin ní Taiwan. Àwọn kan wà ní ilé iṣẹ́, àwọn kan wà lórí ọkọ̀ apẹja, àwọn tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba sì ń gbé nínú ilé ọ̀gá wọn láti tọ́jú arúgbó. Ẹ lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin ńlá Taipei lọ́jọ́ Àìkú, ẹ ó rí wọn: àwọn obìnrin Indonesia tí wọ́n fi híjáàbù borí, tí wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú àti funfun nínú gbọ̀ngàn náà, wọ́n ṣí abọ́ oúnjẹ, wọ́n ń fi fóònù bá ọmọ wọn nílé sọ̀rọ̀. Ọjọ́ ìsinmi kan ṣoṣo tí wọ́n ní nìyẹn, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní. Ní 2020, àwọn aláṣẹ ibùdókọ̀ fẹ́ fòfin de jíjókòó sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ará Taiwan fúnra wọn ló lọ jókòó síbẹ̀ láti fi ẹ̀hónú hàn, àwọn aláṣẹ sì yí ìpinnu náà padà.

Òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kò bo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé. Àbùkù ni èyí fún orílẹ̀-èdè tó ń fi ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn yangàn, mi ò sì rí àwáwí kankan tó tó fún un.

Báwo ni ilẹ̀ tí kò ní epo ṣe di olówó?

Láti oko ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà Jàpáànì, ìrẹsì, ìrèké, tíì àti kàfúrà ni Taiwan ń tà. Láti 1949, ìjọba ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ìjọba ń bẹ̀rù: ó wọ inú ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń san ìdajì irè oko tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún onílẹ̀ kò san ju ìdá 37.5 nínú 100 mọ́. Ní 1953, wọ́n gba ilẹ̀ tó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀, wọ́n tà á fún àwọn tó ń roko lórí rẹ̀, wọ́n sì fi ìwé gbèsè àti ìpín nínú ilé iṣẹ́ ìjọba, irú bíi ti sìmẹ́ǹtì àti ti pépà, san án fún àwọn tó ni ín tẹ́lẹ̀. Ó rọrùn fún Kuomintang láti ṣe é torí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ilẹ̀ náà kì í ṣe ti ẹbí wọn. Owó ìrànwọ́ Amẹ́ríkà náà wọlé láti 1951 sí 1965.

Lẹ́yìn oko ni ilé iṣẹ́ kéékèèké dé. Ní 1966, wọ́n ṣí àgbègbè kan ní etíkun Kaohsiung fún ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọjà fún ilẹ̀ òkèèrè, láìsan owó ibodè. Àwọn ọmọbìnrin láti abúlé ló kún ibẹ̀, tí wọ́n ń to rédíò, tí wọ́n ń rán aṣọ. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba tún rọ àwọn ìyá láti sọ pálọ̀ wọn di ilé iṣẹ́, ọmọ á ṣe iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ tán, á bá ìyá rẹ̀ to òdòdó rọ́bà tàbí iná Kérésìmesì. Títí di òní, ilé iṣẹ́ kéékèèké àti àwọn tó mọ níwọ̀n ló ju ìdá 98 nínú 100 lọ nínú gbogbo ilé iṣẹ́ Taiwan. Nínú irú wọn ni Giant tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ ti jáde, àti Hon Hai tó ń to fóònù fún ilé iṣẹ́ ẹlòmíràn, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Foxconn.

Chip ńkọ́? Báwo ni wọ́n ṣe gba ipò yẹn?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1974, àwọn ọkùnrin méje kan pàdé ní ilé oúnjẹ kékeré kan ní Taipei níbi tí wọ́n ti ń ta mílíìkì ẹ̀wà sóyà láàárọ̀. Mínísítà Sun Yun-suan wà níbẹ̀, Pan Wen-yuan tó ń ṣiṣẹ́ ní RCA, ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, wà níbẹ̀. Orí tábìlì yẹn ni wọ́n ti fẹnu kò pé kí Taiwan ra ìmọ̀ chip dípò kí ó máa to rédíò lọ títí. Ní 1976, wọ́n rán àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ lọ sí RCA láti kọ́ iṣẹ́ náà. Ọgbà ilé iṣẹ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ Hsinchu ṣí ní 1980.

Morris Chang ni wọ́n wá pè. Ó ti lo ọdún 25 ní Texas Instruments, ilé iṣẹ́ chip ní Amẹ́ríkà, ó sì ti lé ní ẹni ọdún 50 nígbà tó dé Taiwan ní 1985. Ní 1987 ó dá TSMC sílẹ̀ pẹ̀lú owó ìjọba àti ti Philips. Èrò rẹ̀ kò díjú: TSMC kò ní ṣe chip tó ní orúkọ tirẹ̀ láé, ti oníbàárà nìkan ni yóò máa ṣe. Oníbàárà kò wá ní bẹ̀rù pé yóò jí àwòrán òun. Látorí èyí ni àwọn ilé iṣẹ́ bíi Nvidia ti lè dìde láìní ilé ìṣẹ̀dá kankan. Lónìí, ó ju ìdajì lọ nínú gbogbo chip tí àwọn ilé iṣẹ́ àgbáyé ń gbé fún ẹlòmíràn ṣe tó jẹ́ pé TSMC ló ń ṣe é, àwọn tó mú jù lọ nínú chip sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ Taiwan nìkan ló ń tú wọn jáde.

Ẹni tó bá ra Tecno tàbí Infinix ní Computer Village ní Ìkẹjà ń gbé Taiwan lọ́wọ́ láìmọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú fóònù wọ̀nyẹn ló ń lo chip MediaTek, ilé iṣẹ́ Hsinchu tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1997.

Ṣé gbogbo ará ìlú ló jẹ nínú ọrọ̀ náà?

Wọ́n jẹ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dọ́gba. Ètò ìlera gbogboògbò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1995 kárí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ènìyàn, ẹni tó bá ń ṣàìsàn kò ní ta ilé kó tó rí dókítà. Èyí jẹ́ ohun ńlá. Lódìkejì, owó oṣù àwọn tí kò sí nídìí chip kò gbéra púpọ̀ fún ọdún pípẹ́, ọ̀dọ́ tó jáde yunifásítì sì ń kùn.

Àwọn kan sì wà tó san iye tó ju owó lọ. RCA ní ilé iṣẹ́ ní Taoyuan láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 títí di 1992. Lẹ́yìn tí wọ́n kógbá sílé ni àṣírí tú pé kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀rọ ti wọ inú ilẹ̀ àti omi kànga. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ní jẹjẹrẹ kóra jọ, wọ́n gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù ní 2004. Ó di 2018 kí ilé ẹjọ́ tó ga jù tó dá apá kan nínú wọn láre. Ọ̀pọ̀ ti kú nígbà yẹn.

Kí ló lè da ọrọ̀ ajé náà rú?

Iná àti omi, kí a tó dé orí Ṣáínà. Ìdá tó lé ní 95 nínú 100 nínú agbára tí Taiwan ń lò ni ọkọ̀ òkun ń gbé wá láti òkèèrè: gáàsì, èédú, epo. Gáàsì tí wọ́n lè kó pamọ́ kò ju ti nǹkan bí ọjọ́ 11 lọ. Ní oṣù Ẹ̀bìbì 2025, wọ́n pa ẹ̀rọ núkílíà tó kẹ́yìn. Ní 2021, adágún gbẹ, nítorí pé ìjì líle tó máa ń gbé òjò wá kò yà sọ́dọ̀ wọn lọ́dún tó ṣáájú. Wọ́n ń pa omi ẹ̀rọ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ní Taichung, wọ́n sanwó fún àgbẹ̀ kí wọ́n má gbin ìrẹsì, ọkọ̀ tánkà sì ń gbé omi lọ sí ilé iṣẹ́ chip.

Ní ti Ṣáínà, Beijing mọ ibi tó ń dùn wọ́n. Ní oṣù Èrèlé 2021, ó dédé kéde pé òun kò ra ọ̀pẹ òyìnbó Taiwan mọ́. Àwọn ará Taiwan àti Jàpáànì rọ́ lọ rà á. Ọjà tí Taiwan ń tà fún Ṣáínà àti Hong Kong ti lọ sílẹ̀ láti nǹkan bí ìdá 40 sí nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 láàárín ọdún díẹ̀, Amẹ́ríkà sì ń gba àyè tó ṣófo.

Owó wo ni wọ́n ń ná?

Dọ́là Taiwan, NT$. Ohun kan tó dùn mọ́ mi nínú nípa owó yìí ni rìsíìtì. Láti 1951, gbogbo rìsíìtì tí ọlọ́jà bá fún yín ní nọ́ńbà lótìrì lórí. Lẹ́yìn oṣù méjì méjì, ní ọjọ́ 25, ìjọba á mú nọ́ńbà jáde, ẹ̀bùn tó ga jù sì jẹ́ NT$ mílíọ̀nù mẹ́wàá. Oníbàárà kì í wá gbà kí ọlọ́jà tajà láìfún òun ní rìsíìtì, bẹ́ẹ̀ ni owó orí ọjà ṣe ń wọlé láìlo ọlọ́pàá. Àwọn tí kò fẹ́ tiwọn lè jù ú sínú àpótí àwọn aláàánú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

Ṣé oníròyìn Taiwan lómìnira?

Lónìí, bẹ́ẹ̀ ni, ó sì wà lára àwọn tó lómìnira jù ní Éṣíà. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi rà á.

Lẹ́yìn rògbòdìyàn ọjọ́ 28 oṣù Èrèlé 1947, tí sójà pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, àwọn akọ̀ròyìn wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dọdẹ. Lin Mao-sheng, ọ̀mọ̀wé tó gba oyè PhD ní Columbia University, tó sì ń darí ìwé ìròyìn Min Pao, ni wọ́n wá mú nílé ní oṣù Ẹrẹ̀nà ọdún náà. Kò sẹ́ni tó rí i mọ́. Ní 1949, òfin ológun bẹ̀rẹ̀, ọdún 38 ló sì fi wà. Ìjọba dá iye ìwé ìròyìn dúró sí 31: ẹni tó bá fẹ́ ìwé ìròyìn tuntun, àfi kó ra èyí tó ti wà. Iye ojú ewé náà ní òfin tirẹ̀. Àwọn tó ni ìwé ìròyìn méjì tó tóbi jù, United Daily News àti China Times, jókòó nínú ìgbìmọ̀ gíga ẹgbẹ́ òṣèlú Kuomintang. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta ló wà, TTV, CTV àti CTS, ìjọba, ẹgbẹ́ òṣèlú àti ológun ló sì di wọ́n mú.

Nítorí náà, ìwé àtìgbàdégbà ni òtítọ́ ń gbà jáde. Lei Chen tó ń tẹ Free China fẹ́ dá ẹgbẹ́ òṣèlú alátakò sílẹ̀ ní 1960, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Àwọn tó ń tẹ Formosa ṣe ìwọ́de ní Kaohsiung ní ọjọ́ 10 oṣù Ọ̀pẹ 1979, wọ́n kó wọn lọ síwájú ilé ẹjọ́ ológun. Ọ̀kan nínú àwọn agbẹjọ́rò wọn, Chen Shui-bian, di ààrẹ ní 2000.

Cheng Nan-jung, tó ń tẹ ìwé àtìgbàdégbà, ni mi ò lè gbàgbé. Ó gba ìwé àṣẹ púpọ̀ sílẹ̀ lórúkọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí wọ́n bá ti ìwé àtìgbàdégbà kan pa lónìí, òmíràn á jáde lọ́la pẹ̀lú orúkọ tó yàtọ̀ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ mú un nítorí pé ó tẹ àbá òfin ìpìlẹ̀ fún Taiwan olómìnira, ó ti ara rẹ̀ mọ́ ọ́fíìsì rẹ̀ fún ọjọ́ 71. Ní ọjọ́ 7 oṣù Igbe 1989, bí ọlọ́pàá ṣe ń já ilẹ̀kùn, ó dáná sun ara rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ti di ọjọ́ òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ ní Taiwan. Òfin ológun ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1987 nígbà yẹn o, wọ́n sì ti gba ìwé ìròyìn tuntun láyè láti ọjọ́ kìíní ọdún 1988.

Ìwé ìròyìn àti tẹlifíṣọ̀n wo ló lókìkí báyìí?

Liberty Times fẹ́ràn àwọn tó ń fẹ́ kí Taiwan dá dúró. United Daily News súnmọ́ Kuomintang. China Times bọ́ sọ́wọ́ Tsai Eng-meng, oníṣòwò bísíkíìtì tí ọjà rẹ̀ pọ̀ ní Ṣáínà, ní 2008, ohùn rẹ̀ sì yí padà. Ní 2012, nígbà tó fẹ́ ra tẹlifíṣọ̀n okùn sí i, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde sí ìgboro láti ta kò ó. Apple Daily tó wọlé láti Hong Kong ní 2003 pẹ̀lú àwòrán aláriwo kò tẹ̀ ẹ́ sórí bébà mọ́ láti 2021.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni The Reporter, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2015. Owó ọrẹ àwọn ènìyàn ló ń gbé e ró, kò gba ìpolówó. Òun àti àwọn oníròyìn Tempo ní Indonesia ló jọ tú fó ìyà tí wọ́n fi ń jẹ àwọn apẹja Indonesia lórí ọkọ̀ Taiwan.

Tẹlifíṣọ̀n kò dára tó bẹ́ẹ̀. Ìkànnì ìròyìn tò gbọọrọ láti nọ́ńbà 50 lọ sókè, ọjọ́ gbogbo ni wọ́n ń wá ohun tí wọ́n máa fi kún wákàtí 24, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìjàǹbá ọkọ̀ tí kámẹ́rà inú mọ́tò ká sílẹ̀ di ìròyìn ńlá. Ní oṣù Bélú 2020, àjọ NCC tó ń mójútó ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ kọ̀ láti tún ìwé àṣẹ CTi News, ìkànnì ìròyìn Tsai Eng-meng, ṣe, ó ní ẹni tó ni ín ń da ìròyìn rú, ilé iṣẹ́ náà sì ti ń rú òfin léraléra. CTi kó lọ sórí YouTube. Ní 2023, ilé ẹjọ́ kan ní Taipei fagi lé ìpinnu NCC. Èmi kò fẹ́ràn ohun tí CTi ń gbé jáde, síbẹ̀ orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Orílẹ̀-èdè tí ìjọba ti ń ka ojú ewé fún oníròyìn rí gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gidi kó tó pa ìkànnì kankan.

Ìròyìn òfegè ńkọ́?

Ó pọ̀ lọ jàra, apá kan láti Ṣáínà, apá kan láti inú ilé. Ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ 2018, ìjì Jebi fi omi kún pápákọ̀ òfuurufú Kansai ní Jàpáànì, àwọn arìnrìn-àjò há síbẹ̀. Ìròyìn tàn pé ọ́fíìsì aṣojú Ṣáínà ti fi bọ́ọ̀sì kó àwọn ènìyàn tirẹ̀, pé ọ́fíìsì Taiwan kò ṣe nǹkan kan. Irọ́ ni: pápákọ̀ náà ló ṣètò bọ́ọ̀sì tó kó gbogbo ènìyàn jáde. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn àti tẹlifíṣọ̀n gbé e láìwádìí, èébú sì rọ̀ lé ọ́fíìsì náà lórí. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọ̀gá ọ́fíìsì Taiwan ní Osaka fi gba ẹ̀mí ara rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni wọn kò ti fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré mọ́. Line ni gbogbo ilé ń lò bí àwa ṣe ń lo WhatsApp, ibẹ̀ ni àwọn òbí àgbà ti ń fi irọ́ ránṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pe ara wọn ní g0v ṣe Cofacts: ẹ fi iṣẹ́ tí ẹ gbà ránṣẹ́ sí i, ẹ̀rọ á dá yín lóhùn bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló sì ń ṣe ìwádìí náà. Taiwan FactCheck Center bẹ̀rẹ̀ ní 2018. Irú Cofacts yìí ní èdè Yorùbá ì bá ṣe àǹfààní fún àwọn ìyá wa lórí WhatsApp.

Ṣé Ṣáínà lè gé ìròyìn Taiwan kúrò pátápátá?

Ohun tó jọ ọ́ ti ṣẹlẹ̀ ní kékeré. Ní oṣù Èrèlé 2023, okùn abẹ́ òkun méjì tó gbé íntánẹ́ẹ̀tì lọ sí Matsu, àwọn erékùṣù Taiwan tó wà nítòsí Ṣáínà, já láàárín ọjọ́ díẹ̀ síra. Ọkọ̀ apẹja Ṣáínà kan àti ọkọ̀ akẹ́rù kan ni wọ́n fura sí. Ó lé ní ọjọ́ 40 tí íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ fi ń fà bí ìgbín, ilé ìtura kò lè gba oníbàárà. Láti ìgbà náà ni Taiwan ti ń wá ọ̀nà sátẹ́láìtì tí wọn kò ní gé.

Níbo ni mo ti lè máa ka ìròyìn wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì?

Focus Taiwan ti ilé iṣẹ́ ìròyìn ìjọba, CNA, wà lọ́fẹ̀ẹ́, ìròyìn ojoojúmọ́ ló ń gbé. Taipei Times, tó wà láti 1999, jẹ́ ti ilé Liberty Times, ẹ máa rántí ìyẹn bí ẹ bá ń ka èrò inú rẹ̀. TaiwanPlus dára fún ẹni tó bá fẹ́ fídíò. Fún ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àjèjì, The Reporter ní ojú ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó kún.